LẸ́YÌN AWÒ OJÚ, KÍ LÓ KÀN?
Ẹ̀kọ́ lórí ọjọ́ iwájú àwọn ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán kún ohun tí ojú wa ń rí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ló kan ọmọ ilé-kéwú nínú ẹ̀rọ àwòrán. Ìdáhùn wa pín sí méjì. Èkíní, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìdánwò ṣàlàyé bí ojú ṣe ń ríran, èdè Lárúbáwá ni ó fi kọ ìwé rẹ̀. Èkejì, ẹ̀rọ yìí ń kúrò lórí tábìlì, ó ń bọ̀ wá sí ara ènìyàn: sí ojú, sí ọrùn ọwọ́, àní sí inú ọpọlọ. Àlejò tí yóò bá wọ inú ilé, a máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí yóò wọ inú ara ńkọ́?

1. ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò.

(i) Ayé àtọwọ́dá: Ènìyàn yóò de ẹ̀rọ mọ́ ojú. Kò ní rí iyàrá tí ó wà mọ́, àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà nìkan ni yóò máa rí. Bí ó bá yí orí, àwòrán náà yóò yí bá a.

(ii) Ìran àfikún: Ènìyàn ṣì ń rí iyàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà fi nǹkan kún un. Ó lè wo títì kí ó rí ọfà tí ń tọ́ka ọ̀nà. Ó lè wo ìwé èdè àjèjì kí ó rí ìtumọ̀ rẹ̀ lókè ìlà.

(iii) XR: Èyí ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe méjèèjì pọ̀, àti gbogbo ohun tí ó wà láàárín wọn.

(iv) Ojú-ìpàdé: Èyí ni ibi tí ènìyàn àti ẹ̀rọ ti ń pàdé. Ojú-ìpàdé fóònù ni gíláàsì tí a ń fi ìka tẹ̀. Bí a bá rò ó dáadáa, wálàá tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkà àti kíkọ náà jẹ́ ojú-ìpàdé, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ojú ọmọ àti ẹ̀kọ́ ti ń pàdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wálàá yìí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

2. IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 965 ni a bí Hasan ibn al-Haytham ní ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì. Ó kú ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 1040. Òun ni ó kọ Kitāb al-Manāẓir, ìwé ìpín méje lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ gbà pé ojú ni ó ń ran ìtànṣán jáde láti lọ bá ohun tí ó ń wò. Ibn al-Haytham kò gbà. Ó ní bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú a máa dùn ún. Ohun kan ni ó wọlé láti ìta tí ó fi dùn ún. Ó lo iyàrá òkùnkùn tí ó ní ihò kékeré láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. Ó tún fi kún un pé iṣẹ́ kò parí sí ẹyinjú. Òye inú ni ó ń ṣe ìdájọ́ ohun tí ojú gbà wọlé.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ XR wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ ojú ni a fi ń ríran, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí á rí ẹṣin nínú iyàrá kò nílò láti mú ẹṣin wá. Kí ó ṣáà rán irú ìmọ́lẹ̀ tí ì bá ti ara ẹṣin wá sí ojú wa, òye inú yóò parí ìyókù.

Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ní 1965, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Ivan Sutherland, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi sọ pé ojú-ìpàdé tí ó ga jù lọ yóò jẹ́ iyàrá kan, níbi tí kọ̀ǹpútà yóò ti lè pàṣẹ fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣàkíyèsí pé iyàrá ni ó fojú sùn, kì í ṣe awò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di 1968, ohun tí ó ṣeé ṣe fún òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a ń gbé sójú. Ẹ̀rọ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi so ó mọ́ àjà ilé. Láti ọjọ́ náà ni awò ti gba iwájú.

Àwọn mìíràn kò gbàgbé iyàrá. Ní 1992, ní Yunifásítì Illinois ní Chicago, Carolina Cruz-Neira, Daniel Sandin àti Thomas DeFanti fi iyàrá kan han aráyé tí wọ́n pè ní CAVE. Ara ògiri rẹ̀ ni àwòrán ti ń hàn yí ènìyàn ká. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọlé ṣì ní láti fi awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sójú kí àwòrán tó lè dìde kúrò lára ògiri.

3. KÍ LÓ FÀ Á TÍ AWÒ KÒ FI TÓ?

Ní 2013, Google bẹ̀rẹ̀ sí í ta awò Glass ní Amẹ́ríkà ní 1,500 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 wọ́n dá títà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dúró, nígbà tí ó sì di 2023 wọ́n dá èyí tí ó wà fún àwọn iléeṣẹ́ dúró pẹ̀lú. Microsoft gbé HoloLens jáde ní 2016. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe HoloLens 2 mọ́. Apple gbé Vision Pro jáde ní oṣù kejì 2024 ní 3,499 dọ́là. Ìṣòro mẹ́ta ni ó ń ba awò jà.

Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Vision Pro yìí wúwo tó 600 sí 650 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ ni a yọ bátìrì rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àpò. Ta ni yóò gbé ìyẹn sójú láti àárọ̀ di alẹ́?

Ìkejì ni àárẹ̀ ojú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ na ìka kan síwájú, kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó sì rọra fà á súnmọ́ imú. Iṣẹ́ méjì ni ojú ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyinjú méjèèjì ń yí sí ara wọn, lẹ́ǹsì inú wọn sì ń yí ìrísí padà kí ìka náà lè ṣe kedere. Nínú ọ̀pọ̀ awò XR, ẹyinjú a yí bí ẹni pé ohun náà wà nítòsí, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá nígbà gbogbo. Iṣẹ́ méjèèjì a wá takora. Ojú a rẹ ènìyàn, orí a sì máa fọ́ ọ.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ àwùjọ. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ fẹ́ rí ojú wa, kò sì fẹ́ kí kámẹ́rà tí ó wà létí ojú wa máa ya òun láìgba àṣẹ. Ohun tí ó bí ìjà lórí awò Google nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi.

A kò sọ pé awò ti kú o. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ni Meta bẹ̀rẹ̀ sí í ta awò kan tí ó fúyẹ́, tí àwòrán kékeré ń hàn nínú ojú rẹ̀ kan, ní 799 dọ́là. Ohun tí a ń sọ ni pé awò kì í ṣe òpin ìrìn àjò náà.

4. Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ Ó Ń ṢÍ SÍLẸ̀

(i) Ojú ohun gbogbo. Ọ̀nà yìí ń gbé àwòrán sí ara ohun tí ó yí wa ká: ògiri, tábìlì, gíláàsì iwájú ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ òfurufú ológun ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí iye ìsáré àti ìwọ̀n gíga lórí gíláàsì iwájú wọn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ní oṣù kẹrin 2024, iléeṣẹ́ Humane ní Amẹ́ríkà gbé ohun kékeré kan jáde tí a ń há mọ́ àyà aṣọ. Kò ní ojú fóònù rárá. Ènìyàn yóò bá a sọ̀rọ̀, tàbí kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, iná lésà yóò sì kọ̀wé sí i.

(ii) Ọwọ́. Kí ìka tó mira, ọpọlọ a kọ́kọ́ rán iṣẹ́ sí ẹran ọwọ́, iná kékeré kan a sì máa bá iṣẹ́ náà rìn. Ẹ̀gbà kan wà tí a ń fi sí ọrùn ọwọ́ tí ó lè ka iná yìí láti orí awọ ara. Ní 2019 ni Facebook, tí ó ń jẹ́ Meta báyìí, ra iléeṣẹ́ CTRL-labs tí ó ń ṣe irú rẹ̀. Awò 2025 tí a dárúkọ lókè, ẹ̀gbà yìí ni a fi ń darí rẹ̀. Ìka mira díẹ̀, ẹ̀rọ ti gbọ́. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi hàn ní 2013 pé ìró tí etí kò lè gbọ́ lè ti afẹ́fẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí ènìyàn yóò fi máa mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé ó fọwọ́ kan nǹkan, nígbà tí kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.

(iii) Ẹyinjú fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ Mojo Vision ní Amẹ́ríkà ṣe lẹ́ǹsì kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Ojú àwòrán tí ó wà láàárín rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, ó sì dojú kọ ọmọlójú. Ní oṣù kẹfà 2022, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, Drew Perkins, fi í sí ojú ara rẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kìíní 2023 wọ́n dá iṣẹ́ lẹ́ǹsì náà dúró nítorí àìrówó, wọ́n sì yíjú sí ṣíṣe iná tíntìntín tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

(iv) Ọpọlọ. Èyí ni ó jìnnà jù, òun náà ni ó súnmọ́ wa jù. Ní 2004, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ẹ̀rọ kan tí ó ní ẹnu wáyà 96 sínú ọpọlọ ọkùnrin kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Pẹ̀lú èrò ọkàn nìkan, ó ń gbé ọfà rìn lójú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kìíní 2024, iléeṣẹ́ Neuralink fi ẹ̀rọ tiwọn sínú ọpọlọ ẹni àkọ́kọ́. Ẹnu wáyà 1,024 ni ó ní, lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 64. Ẹni náà ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì láìfọwọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn kan nínú okùn náà yọ kúrò ní ipò wọn, agbára ẹ̀rọ náà sì dínkù, títí wọ́n fi ṣe àtúnṣe sí ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka iṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn aláìsàn ni ẹ̀rọ wọ̀nyí wà fún lónìí, àǹfààní ńlá sì ni fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà ni àwọn mìíràn ń wò fún XR, nítorí pé ẹni tí ó bá lè bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ tààrà kò nílò awò.

5. IBI TÍ Ẹ̀RÙ WÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wálàá. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ wálàá bá kó kúrò ní ìlú, wálàá kò ní ti ojú dé. Bí ó bá kú, a ó ṣì máa rí ohun tí a kọ sí i kà. Nígbà tí a bá fọ tàdáwà kúrò lára rẹ̀, kò sí ẹni tí wálàá ń lọ ròyìn fún pé ibi báyìí ni ọmọ yìí ti kọsẹ̀ lánàá. Àwọn ojú-ìpàdé tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn mẹ́ta.

Ìtàn kìíní: Ẹ rántí ohun àyà aṣọ ti Humane. 699 dọ́là ni iye rẹ̀, ẹni tí ó rà á sì tún ń san owó lóṣooṣù. Ní oṣù kejì 2025, iléeṣẹ́ HP ra púpọ̀ nínú dúkìá Humane ní mílíọ̀nù 116 dọ́là. Ọjọ́ 28 oṣù kan náà ni ohun náà dẹ́kun iṣẹ́ lára aṣọ gbogbo ẹni tí ó rà á. Kò bàjẹ́, kò jábọ́. Ilé tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ti ilẹ̀kùn. Kò tíì pé ọdún kan tí ó dé ọjà.

Ìtàn kejì: Àdánù owó ni ìtàn kìíní. Ojú ni ti èyí. Iléeṣẹ́ Second Sight ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ Argus II fún àwọn tí àìsàn ti pa rẹ́tínà wọn, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà lórí awò yóò ya àwòrán, ẹ̀rọ inú ẹyinjú tí ó ní ẹnu wáyà 60 yóò sì ta rẹ́tínà jí. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2013. Ẹni tí ó lò ó kò rí ojú ọmọ rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ó rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rí ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹni tí ó ti wà nínú òkùnkùn ni yóò mọ iyì rẹ̀. Ní 2019, iléeṣẹ́ náà dá ṣíṣe Argus II dúró, nígbà tí ó sì di 2020 díẹ̀ ni ó kù kí gbèsè gbé e lulẹ̀. Ní 2022, ìròyìn jáde pé àwọn tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà wà lára wọn ní àgbáyé ju 350 lọ, àti pé bí ti ẹnìkan bá dákẹ́, kò rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Wáyà wà nínú ojú, ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ti lọ.

Ìtàn kẹta: Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀rọ ayé àtọwọ́dá sójú ènìyàn 511. Wọn kò bèèrè orúkọ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, bí orí àti ọwọ́ kálukú ṣe ń mira nìkan ni wọ́n fún un. Láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dá ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn mọ̀. Bí mímira orí bá lè tú àṣírí ẹni, kí ni ẹ̀rọ tí ń wo ọmọlójú, tàbí tí ń ka iná inú ọpọlọ, kò ní mọ̀?

Ẹ wo bí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bá ara wọn mu. Bí ojú-ìpàdé bá ṣe ń súnmọ́ ara sí i ni ó ń ṣòro sí i láti bọ́ ọ sílẹ̀. Awò ṣeé bọ́. Ẹ̀gbà ṣeé bọ́. Èyí tí ó wà nínú ẹyinjú ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù nípa ọjọ́ iwájú XR kì í ṣe pé ṣé àwòrán rẹ̀ yóò dára. Àwòrán rẹ̀ yóò dára. Ìbéèrè náà ni pé, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà?

6. OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ Ń ṢE

Àwọn ìlú kan ti ń dáhùn. Ní 2021, ilẹ̀ Chile fi ìdáàbòbò iṣẹ́ ọpọlọ àti ìròyìn tí a bá rí kó nínú rẹ̀ sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹjọ 2023, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ fún iléeṣẹ́ kan tí ń ta ẹ̀rọ tí a ń dé sórí láti ka iná ọpọlọ pé kí ó pa ìròyìn ọpọlọ ẹni tí ó pẹjọ́ rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Colorado àti California ṣe òfin lórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní 2024. Ní Nàìjíríà tiwa, a fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Ìròyìn Ẹni ní oṣù kẹfà 2023, ó sì ka àmì ara tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ mọ́ ohun tí ó gbẹgẹ́. Ìpìlẹ̀ rere ni. Ẹni tí yóò kọ́lé lé e lórí ni a ń wá, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

7. ÌPARÍ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ẹ̀rọ. Ibn al-Haytham kò sá fún ìmọ́lẹ̀, ìdánwò ni ó fi gbà á. Ní ọjọ́ tí ojú-ìpàdé tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ẹni tí ó gbé e wá ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

(i) Ṣé mo lè bọ́ ọ sílẹ̀ fúnra mi?
(ii) Bí iléeṣẹ́ yín bá kógbá wọlé, ṣé yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ta ni yóò sì máa tún un ṣe?
(iii) Kí ni ó ń mọ̀ nípa mi, ta ni ó sì ń sọ ọ́ fún?
(iv) Bí mo bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ṣé yóò parẹ́ bí tàdáwà ṣe ń kúrò lára wálàá?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn gbà, kí ó dá owó rẹ̀ padà sápò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ayé àtọwọ́dá àti ìran àfikún?
2. Ẹ̀rí wo ni Ibn al-Haytham fi tako àwọn tí ó ní ojú ni ó ń ran ìtànṣán jáde?
3. Ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ awò XR fi ń mú ojú rẹ ènìyàn.
4. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a kà, èwo ni ìwọ yóò gbà kí wọ́n lò fún ọ, èwo ni ìwọ kò ní gbà? Sọ ìdí rẹ̀.